Èsì: Ṣé nitrate ń ran eléré sísá lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgbáradì. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra nitrate oníyẹ̀fun, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀fọ́, kí ẹ tó sá eré kìlómítà 10 yín. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ omi bíìtírúùtù, gbòǹgbò pupa kan tí nitrate pọ̀ nínú rẹ̀, ni èmi á ní kí ẹ mu.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí orí ahọ́n wa ló ń sọ nitrate di nitrite. Tó bá dénú ara, á di nitric oxide, afẹ́fẹ́ kan tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Ọ́síjìn tí ẹran ara ń lò fún iṣẹ́ kan náà á sì dínkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò yọ ẹnu lọ́jọ́ náà! Á pa àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn, owó yín á sì ṣòfò.

Ní 2009, ní Yunifásítì Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkùnrin 8 mu ìdajì lítà omi bíìtírúùtù lójúmọ́ fún ọjọ́ 6. Nígbà tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ó fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 pẹ́ sí i kó tó rẹ̀ wọ́n. Ẹ má retí irú èyí nínú ìdíje o. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa ń dín kù nínú àkókò eré, ó sì tún máa ń kéré sí i fún àwọn ògbóǹtarìgì.

Ẹ mu ún ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú eré, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò nígbà ìdánrawò, torí inú àwọn kan kì í gbà á. Bí ìtọ̀ yín bá pupa, ẹ má fòyà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ní nitrate dáadáa. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín.