Àga ọmọ akọjúsẹ́yìn nínú mọ́tò kékeré: ẹ bi wá, a dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ wa pé oṣù mẹ́ta, mọ́tò wa sì há lẹ́yìn. Àga akọjúsẹ́yìn tí a yá lò gba àyè débi pé orúnkún bàbá ọmọ ń kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan ní ká kúkú jẹ́ kí ọmọ kọjú síwájú. Irú àga wo ni ká rà? — Ìyá Ìkókó

Ìdáhùn: Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Ìkókó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yí i síwájú. Orí ọmọ ọwọ́ tóbi, ó sì wúwo ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé lọ, eegun ọrùn náà kò sì tíì gbó. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan nígbà tí ọmọ kọjú síwájú, bẹ́líìtì á di àyà rẹ̀ mú, orí á fò síwájú, ọrùn ni yóò jìyà rẹ̀. Tó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà R129, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí àga ọmọ nínú mọ́tò, kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú kó tó ju oṣù 15 lọ, ìyẹn sì kéré jù tí ẹ bá bi wá. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi ga tàbí wúwo ju ohun tí àga rẹ̀ lè gbà lọ.

Ní ti àyè, bí àga ṣe gùn tó látẹ̀yìn síwájú ló ń dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe bó ṣe fẹ̀ tó. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ jókòó síwájú bó ṣe máa ń jókòó gan-an. Tó bá jẹ́ òun ló ń wakọ̀, ó kéré tán, kí àyà rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà sí stíárìn. Ẹ má sún àga yẹn mọ́. Ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ara ìfẹ̀yìntì àga ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn àga iwájú. Òkè ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, níbi tí orí àga ọmọ máa dé, ẹ má wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, torí orí àga tó dagun ló máa ń kọ́kọ́ kan àga iwájú.

Bí àga bá ṣe dagun tó ló ṣe ń jẹ àyè tó. Ọmọ tuntun nílò kó dagun tó nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 45: tó bá nàró jù, àgbọ̀n rẹ̀ á já sí àyà, kò sì ní lè mí dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ọrùn ọmọ bá ti le, ọ̀pọ̀ àga ló gbà kí ẹ gbé e nàró sí i, àwọn míì dé nǹkan bí 30, àyè tí ìyẹn ń dá padà kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, àga tó ní ju ìdúró kan lọ, tó sì ní àmì ọ̀tọ̀ fún ọmọ tuntun àti ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, ni kí ẹ wá. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí mọ́tò wà tí ẹ bá ń wo àmì náà. Bí àga mọ́tò bá rì sẹ́yìn tí àga ọmọ fi nàró jù, aṣọ ìnura tí ẹ ká, tí ẹ kì sí kọ̀rọ̀ tí ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì ti pàdé, lè tún un ṣe, bí ìwé àga náà bá fàyè gbà á.

Àga agbérìn, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jòjòló wọlé, ló sábà máa ń kúrú jù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í gbà ju bíi kílò 13 lọ. Èyí tó lè kọjú sẹ́yìn, kó tún kọjú síwájú, máa ń pẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń gùn jù ú lọ. Ní ti èyí tó ń yí poo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga, ó wúwo, ó sì nílò àyè láti fi yí. Ẹ má sanwó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti yí i wò nínú mọ́tò tiyín, kí àga iwájú sì wà níbi tí ẹ wọ̀n ọ́n sí.

Ẹ̀yìn ẹni tó kúrú jù níwájú ni kí ẹ gbé e sí. Àárín náà dára bí bẹ́líìtì ibẹ̀ bá gba èjìká kọjá, torí orí àga lè wọ àlàfo àárín àga iwájú méjèèjì. Bóyá ó lè fara kan àga iwájú tàbí kò lè fara kàn án, ẹ wo ìwé àga àti ti mọ́tò. Àwọn kan gbà á, àwọn kan kò gbà á rárá.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí àga ní ISOFIX? — Bàbá Àkọ́bí

Ìdáhùn: Rárá, sà. Bẹ́líìtì tí a fà le dáadáa náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ISOFIX fi dára ni pé ó ṣòro láti gbé e sí lódì: irin méjì tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 28 wà ní kọ̀rọ̀ àga ẹ̀yìn, àga ọmọ á sì há mọ́ wọn, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ tí àga fi ń dúró nílẹ̀. Bí àpótí ìkẹ́rù bá wà lábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò níbẹ̀, ọmọrí rẹ̀ lè jìn, nítorí náà ẹ wo ìwé mọ́tò kí ẹ tó gbé e lé e.

Tí ẹ bá ń lo bẹ́líìtì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gùn tó, torí ti mọ́tò kékeré sábà máa ń kúrú. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀: kò gbọ̀dọ̀ tẹ̀ mọ́ etí ike àga, torí ó lè tú nígbà tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Tí ẹ bá parí, ẹ di àga mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì í. Tó bá lọ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, ẹ tún un fà.

Ìbéèrè: Èmi nìkan ló ń wakọ̀. Ṣé mo lè gbé ọmọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? — Arábìnrin kan

Ìdáhùn: Níwọ̀n ìgbà tí airbag iwájú ibẹ̀, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é láéláé. Ẹ̀yìn orí ọmọ gan-an ló máa bú lù, agbára rẹ̀ sì lè pa á. Ẹ̀yìn mọ́tò ni kó wà.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń kan ìfẹ̀yìntì àga mọ́tò, ó sì ń ká a. Ṣé kò ti tóbi jù?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ kọ́ ni a ń wò. Ọmọ ń ká ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ń ni ín lára. Orí àti èjìká ni kí ẹ wò: kí òkè orí má sún mọ́ etí òkè àga ju bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ lọ, kí okùn èjìká sì jáde ní ọ̀gangan èjìká tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá dì í tán, ẹ fi ìka méjì fún okùn náà ní èjìká. Bí ẹ bá rí i fún pọ̀, kò tíì le tó. Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò kí ẹ tó dì í, ẹ lè wá dà á bo okùn náà.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ ta àga àlòkù fún wa. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó lò ó dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Àga tó ti wà nínú ìjàm̀bá lè ti sán nínú, kó má hàn lóde. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é máa ń wà lára ike, ọ̀pọ̀ sì ń kọ ọjọ́ tó máa parí iṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí sítíkà tó gbé nọ́ńbà ìfọwọ́sí bá ti ya kúrò, tàbí ìwé rẹ̀ kò sí, ẹ kò ní mọ ìwọ̀n ọmọ tó lè gbà tàbí ibi tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, ẹ má rà á.