Ariwo Bódìjà kò tíì tán létí ọkọ mi

*Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ni mo bá wá. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí ohun abúgbàmù ti bú ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìlẹ̀kùn bá gbá pàà, á ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Valium ni mo ń rà fún un ní kẹ́míìsì kó tó lè sùn, bó bá sì sùn, á máa pariwo. Kì í gba ọ̀nà Bódìjà mọ́, iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ará ilé ní ká má dárúkọ ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é, wòlíì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ṣé orí rẹ̀ ti ń dàrú ni?*
*Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn*

Ìyá Ìbejì, orí ọkọ rẹ kò dàrú. Mo fi èyí ṣáájú kí o lè mí kanlẹ̀.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ìtọ́jú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ nìkan kọ́ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ wa dúró lóru ọjọ́ kan lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n yìnbọn pa dírẹ́bà níwájú mi. Fún oṣù mẹ́jọ, n kò lè jókòó síwájú ọkọ̀. Bí mo bá gbóòórùn epo bẹntiróò, òógùn á bò mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Kì í ṣe pé mo ń rántí òru yẹn o. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí wà.

PTSD, ìyẹn ìpayà tí kì í tán lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó dẹ́rù bani gidigidi, ni àwọn dókítà ń pè é. Ọdún 1980 ni orúkọ náà wọ ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun Vietnam, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti wà tipẹ́. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n pe àwọn ọmọ ogun mìíràn tó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ojo.

Bí ewu bá dé, ọpọlọ á figbe ta kí ara lè sá. Bí ewu bá lọ, ó yẹ kó dákẹ́. Ti ọkọ rẹ kò dákẹ́. Bí ìtagìrì, àlá burúkú àti ìsákúrò lọ́nà bá ti ju oṣù kan lọ, tí kò sì jẹ́ kéèyàn ríṣẹ́ ṣe, ìtọ́jú ló kàn.

Ìmọ̀ràn pé kí ẹ má dárúkọ rẹ̀ mọ́ ló dùn mí jù, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, òun náà ló sì ń bọ́ àìsàn yìí. Gbogbo ìgbà tó bá yí ọ̀nà padà nítorí Bódìjà, ara á fúyẹ́ fún un díẹ̀, ọpọlọ á sì gbà pé lóòótọ́ ni ikú wà ní Bódìjà. Ṣùgbọ́n ìwọ má fi tipá bi í léèrè. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú un la ọ̀rọ̀ náà já.

Ìtọ́jú náà jẹ́ ìjókòó bíi 8 sí 15 pẹ̀lú olùtọ́jú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Á dijú, á sọ òru yẹn bí ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀: aṣọ ta ló wà lórí ẹ̀rọ, ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ibo ni gíláàsì ti kọ́kọ́ fọ́. Wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa tẹ́tí sí i nílé. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń le. Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú èmi náà, mo bì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo gbọ́ ohùn ara mi pé ó ń sọ ohun tó ti kọjá. Lẹ́yìn náà ló kan ìrìn: kó kọ́kọ́ wo fọ́tò àdúgbò náà, kó wọ Micra kọjá níbẹ̀, kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn ín lọ́sàn-án gangan. Ọ̀nà mìíràn wà tó ń jẹ́ EMDR, tí aláìsàn á máa fojú tẹ̀lé ìka olùtọ́jú bó ṣe ń rántí.

Dókítà tún lè fún un ní oògùn bíi sertraline. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Valium kì í wo àìsàn yìí, ó sì máa ń di bárakú. Sọ fún dókítà pé ó ń lò ó, kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí ìyá rẹ̀ máa gbàdúrà, n kò bá a jà. Ààwẹ̀ ọjọ́ 21 fún ẹni tí kò rí oorun sùn ni n kò fọwọ́ sí.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ló sún mọ́ yín. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà ọ́ lẹ́rù, kí o sì bá a lọ. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn gbé lábúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó máa tibẹ̀ wá gbàtọ́jú. Bí ọkọ rẹ bá sọ pé ayé sú òun, má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí o tó gbé e lọ.

Kí ẹ tó dé ọ̀hún, bó bá tún ta gìrì, má di í mú látẹ̀yìn. Dúró síbi tó ti lè rí ọ, kí o sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Bàbá Ìbejì, ọjọ́ Sátidé la wà, pálọ̀ wa rèé, Táyé ló gbá ìlẹ̀kùn.”