Kì í ṣe bí RhoA ṣe pọ̀ tó lẹ máa wò, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ fi LPA (ọ̀rá kan tó máa ń ta sẹ́ẹ̀lì jí) sí sẹ́ẹ̀lì yín, tẹ́ ẹ ṣe Western blot (àyẹ̀wò tó ń fi bí purotéènì ṣe pọ̀ tó hàn), tẹ́ ẹ rí i pé purotéènì RhoA ò lé, ò dín, tẹ́ ẹ wá ń bèèrè bóyá RhoA ò bá ọ̀rọ̀ náà tan. Ó bá a tan dáadáa.

Súìṣì ni RhoA, mólékù kékeré méjì ló sì ń dì mú lọ́kọ̀ọ̀kan, GTP àti GDP. Tó bá di GTP mú, ó ti tàn nìyẹn, tó bá jẹ́ GDP ló dì mú, ó ti kú. Àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní GEF ló ń tàn án, àwọn tí wọ́n ń pè ní GAP ló ń pa á, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó fún gbogbo ẹ̀ láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ṣe RhoA tuntun kankan. Western blot lásán ò lè rí ìyẹn láéláé.

RBD ti Rhotekin (apá kan lára purotéènì Rhotekin tó máa ń lẹ̀ mọ́ RhoA tó bá ti tàn) lẹ máa fi fa èyí tó di GTP mú jáde. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ rèé: tẹ́ ẹ bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì tán, GAP ò tíì sinmi o, ó ṣì ń pa RhoA yín nínú bọ́fà (omi tẹ́ ẹ fi fọ́ sẹ́ẹ̀lì) yẹn, torí náà kí bọ́fà ti tutù nini tẹ́lẹ̀, ẹ gbé abọ́ sórí yìnyín, ẹ ha á kíákíá, ẹ ṣe ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìkejì. Kẹ́ ẹ sì ti yọ serum (omi ara ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì) kúrò tipẹ́ kẹ́ ẹ tó fi LPA sí i, torí LPA wà nínú serum fúnra ẹ̀, kọ́ńtíróòlù yín á ti tàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún fi phalloidin, ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ actin, kun actin, ìyẹn purotéènì tó ń di okùn nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ridley àti Hall ti fi hàn ní 1992, nínú sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ń pè ní Swiss 3T3, pé Rho (ẹbí tí RhoA ti wá) ló ń mú kí stress fibre, ìyẹn ìdì okùn actin, yọ. Ẹ wá fi kẹ́míkà Y-27632 dí ROCK, ẹnsáìmù tí RhoA ń rán níṣẹ́, lọ́wọ́: àwọn okùn yẹn á tú, sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn á máa nà síwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní lè ká mọ́ra, á wá máa wọ́ ìrù gígùn kiri. Ìrù yẹn ni mo rí lábẹ́ maikirosíkóòpù tó fi wá yé mi yékéyéké pé iṣẹ́ ìfúnpọ̀ ni RhoA ń gbé fún ROCK ṣe. Ohun kan náà ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo fasudil, oògùn tó ń dí ROCK lọ́wọ́, ní Japan láti 1995 fún àwọn tí iṣan ọpọlọ wọn ń sún kì lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ya síbẹ̀.

Ní ti T19N tẹ́ ẹ fẹ́ fi dá RhoA dúró (RhoA tí wọ́n yí padà kó má lè tàn), èmi ò fọkàn tán an ní òun nìkan. GEF ló ń há mọ́lẹ̀, GEF kan náà sì lè máa ṣiṣẹ́ fún Rac tàbí Cdc42, àwọn súìṣì míì tó jọ RhoA. C3, májèlé bakitéríà kan tó ń pa Rho, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, àmọ́ RhoA, RhoB àti RhoC ló máa pa pọ̀, ẹ wá fi siRNA ti RhoA (ohun tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe RhoA) tì í lẹ́yìn.