Táyà ló ń dá mọ́tò dúró, bíréèkì kọ́

Àbúrò, o ní kí ló dé tó jẹ́ pé téèyàn bá sá ìlọ́po méjì eré tó ń sá tẹ́lẹ̀, ibi tí mọ́tò máa dúró sí máa ń jìnnà ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ bíréèkì kan náà lèèyàn tẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ohun tójú mi ti rí lójú títì ni màá sọ fún ẹ.

Ohun tó bá ti ń lọ, á máa lọ tààrà bẹ́ẹ̀ ni, títí nǹkan mìíràn á fi tì í tàbí fà á. Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé láti 1687. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń rò pé bíréèkì ni nǹkan mìíràn yẹn. Rárá o, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bíréèkì ń dì mú, ilẹ̀ ló ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn lábẹ́ táyà, bẹ́ẹ̀ ibi tí táyà mọ́tò kan ti kan ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yálà o fẹ́ kó dúró ni o, yálà o fẹ́ kó yà ni o, ibẹ̀ yẹn náà ni.

Wá wò ó. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, tí táyà bá dáa, tó o bá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, wàá lò tó mítà 14 kó tó dúró. Tó bá jẹ́ 100, ó máa tó mítà 55, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn! Bí ilẹ̀ ṣe ń dín eré kù ò yí padà, torí náà eré tó di méjì á gba àkókò méjì kó tó tán, ní gbogbo àkókò yẹn sì rèé, o ṣì ń sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò tíì ka sẹ́kọ́ńdì kan tó máa kọjá kí ẹsẹ̀ ẹ tó débi bíréèkì o, lórí 100 ìyẹn nìkan ti gbé mítà 28 lọ.

Kọ́nà ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí jù. Mọ́tò ò mọ kọ́nà, táyà ló ń fi tipátipá tì í wọnú, tí eré bá sì di méjì, agbára tó máa fi tì í gbọ́dọ̀ di mẹ́rin. Tó o bá wá lọ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láàárín kọ́nà, táyà kan náà tó ń mú un yà lo tún ní kó dá a dúró, tí méjèèjì bá ti ju agbára ẹ̀ lọ, ó máa yọ̀ ni. Mo rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán mi nínú òjò, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ ti yí síbi tí awakọ̀ fẹ́ gbà, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ń lọ tààrà sínú gọ́tà. Táyà tí bíréèkì ti dì pa kì í gbọ́ steering mọ́, ìdí tí ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà pa, fi ń dì í tó tún ń tú u nìyẹn. Torí náà, jọ̀ọ́, dín eré kù kó o tó dé kọ́nà.

Tó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́, ilẹ̀ ń fa ọkọ̀ sísàlẹ̀ láìsinmi, bíréèkì tó ń bá a jà á gbóná títí ò fi ní mú mọ́. Jíà kékeré ni kó o fi sọ̀kalẹ̀, látòkè ni kó o sì ti fi sí i, má dúró dìgbà tó o bá ń gbóòórùn bíréèkì tó ń jó.