Ẹ má ti ọ̀mùtí mọ́ yàrá kí ẹ tó wá ẹgbẹ́ fún un

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbógbo ní Ìkòròdú ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ń mu ògógóró àti ọtí inú ọ̀rá láàárọ̀ lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n títí yóò fi mu ti àárọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí ní ẹgbẹ́ kan. Níbo ni mo ti lè rí i nítòsí, kí n mú un lọ? Àwọn ẹbí ní kí a kọ́kọ́ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ méje, kí a máa fún un ní àgúnmu, kí ọtí lè jáde lára rẹ̀ tán.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kò le, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ló lè pa bàbá àwọn ọmọ yín kí ó tó dé ẹgbẹ́ kankan. Ẹ má tì í mọ́lé. Irú lẹ́tà yìí kì í tán níwájú mi, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí láti fi ọ̀mùtí sí àhámọ́ kì í sọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọtí kò nílò ọjọ́ méje kí ó tó jáde lára. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ẹ̀dọ̀ ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Inú ọpọlọ ni wàhálà wà. Ọtí a máa mú kí iṣẹ́ ọpọlọ falẹ̀, nítorí náà ọpọlọ ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ á ti kọ́ bí yóò ṣe máa sáré ju bó ti yẹ lọ kí ó lè dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá dá ọtí náà dúró lójijì, eré àsápajúdé yẹn kò ní ohun tí yóò dì í mú mọ́. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ènìyàn, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè gbé e bí ẹni tó ní wàrápá. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn mìíràn a máa rí kòkòrò tí kò sí lórí ògiri, wọn a máa dá ẹni tí kò pè wọ́n lóhùn, ara wọn á gbóná, wọn kò sì ní mọ ibi tí wọ́n wà. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní delirium tremens, ó sì máa ń pa ènìyàn bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn máa ń sọ pé ẹ̀mí ọtí ló ń jáde, tí wọ́n á sì tún fi àgádágodo kejì kún ti àkọ́kọ́. Ẹ gbàdúrà fún un, n kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ẹ gbà á nígbà tí ó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ọwọ́ tí ń gbọ̀n láàárọ̀, tí ẹ kàn mẹ́nu bà lásán, ni àmì pé ara rẹ̀ ti gbára lé ọtí. N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà n kò lè sọ oògùn tí ó bá a mu, ṣùgbọ́n mo lè sọ ibi tí ẹ ó gbà. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú. Wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ ní Yábàá. Níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn bíi diazepam, tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1, nítorí pé àìtó rẹ̀ a máa ba ọpọlọ ọ̀mùtí jẹ́. Ẹ má fúnra yín lọ ra diazepam ní kẹ́místì: òun àti ọtí lè jọ dá èémí dúró. Ní ti àgúnmu, ọtí líle ni wọ́n ń fi po púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó rí dókítà, ẹ má já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ya ẹbí lẹ́nu. Bí gìrì bá gbé e, tàbí tí ó bá ń rí ohun tí kò sí, ẹ má dúró di àárọ̀.

Ẹgbẹ́ tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Wọn kì í gba owó ọmọ ẹgbẹ́, wọn kì í fúnni ní oògùn, wọn kì í sì í ti ènìyàn mọ́lé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹni náà fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, nítorí náà ẹ kò lè wọ́ ọ lọ bí ewúrẹ́ ọjà. Ẹ lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ibi ìpàdé a máa yí padà, nítorí náà ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn social worker ọsibítù, kí ẹ sì pè kí ẹ tó kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 12. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí fóònù pẹ̀lú. Bí kò bá sí èyí tó sún mọ́ yín, òfin wọn gbà kí àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ jáwọ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ìgbógbo.

Àwọn ẹbí ọ̀mùtí náà ní tiwọn, Al-Anon, tó ti wà láti ọdún 1951. Ẹ̀yin lè lọ síbẹ̀, kódà bí bàbá àwọn ọmọ yín bá kọ̀ jálẹ̀.