Irin Ìdìmú Tó Ń Mì Lórí Ọkọ̀ Fáíbà: Abẹ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín nípa ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà àlòkù tí ẹ rà, èyí tí irin ìdìmú iwájú rẹ̀ ń mì, tí irin ìsokùn rẹ̀, èyí tí a ń so okùn ọkọ̀ mọ́, náà sì ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní oníṣẹ́ tí ẹ pè fẹ́ fi súkúrù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ dè é, kó sì fi sílíkóònù dí etí rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbà fún un. Èmi náà ti gba irú ìmọ̀ràn yìí rí, ẹ̀mí èèyàn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ọkọ̀ mi ń ná Ìkòròdú sí Ẹbúté Èrò nígbà náà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí irin iwájú rẹ̀ ti ń mì, mo sì ti fi súkúrù ńlá dè é lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìgbì ń ti ọkọ̀ wa síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbúté, bàbá kan fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé gbogbo ara lé irin náà. Ẹsẹ̀ irin náà fà tu pẹ̀lú súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá náà sì já sínú omi láàrin ọkọ̀ àti ẹbúté. Ẹ̀wù amúniléfòó tó wọ̀, àti ọmọ ọkọ̀ mi tó yára fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ sẹ́yìn, ni Ọlọ́run fi yọ ọ́. Nígbà tí mo gbé irin náà sọ́wọ́, ohun tó lẹ̀ mọ́ eyín súkúrù kì í ṣe pákó mọ́: ó dúdú, ó ń rùn bí ewé tó ti jẹrà, omi sì ń ṣẹ̀ lára rẹ̀ bí mo ṣe fi ìka méjì fún un.

Dẹ́ẹ̀kì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, ìyẹn ilẹ̀ orí ọkọ̀ tí a ń tẹ̀, kì í ṣe fáíbà látòkè délẹ̀. Fáíbà wà lókè, fáíbà wà nísàlẹ̀, pákó ló wà láàrin wọn. Ihò súkúrù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀kùn fún omi, bí omi bá sì ti wọlé, kò rí ibi tí yóò gbà jáde, pákó yóò sì máa rà síbẹ̀. Súkúrù ńlá kò ní rí nǹkan kan gbá mú níbẹ̀ ju kó fẹ ihò náà sí i lọ.

Nítorí náà, ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa kan dẹ́ẹ̀kì yí ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan ká. Ibi tó le yóò dún kó-kó-kó. Ibi tó ti rà yóò dún bù-bù, bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i. Bí ibi tó ti kú bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, oníṣẹ́ fáíbà ni yóò gé òkè rẹ̀, tí yóò sì pààrọ̀ pákó inú.

Bó bá jẹ́ ẹnu ihò nìkan ló rà, ẹ tú irin náà sílẹ̀ pátápátá. Fún bóòtù mílímítà 8, mo máa ń lu ihò fẹ̀ tó mílímítà 14, láìlu fáíbà ìsàlẹ̀ fẹ̀, màá sì fi ìṣó tí mo tẹ̀ lórí ha pákó tó ti rà kúrò nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ni mo ṣe tèmi, síbẹ̀ ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko lábẹ́ tapólì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi epoxy tó ṣàn (gọ́ọ̀mù olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le) pa inú ihò náà, kí ẹ wá fi èyí tí ẹ po mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ títí tó fi ki bí ẹ̀pà lílọ̀ kún un. Bó bá ti le, ẹ lu ihò mílímítà 8 sí àárín rẹ̀, kí bóòtù má fojú kan pákó mọ́ láéláé. Ẹ fẹ ẹnu ihò náà lókè díẹ̀, kí ohun ìdíhò lè rí àyè yí ọrùn bóòtù ká bí rọ́bà.

Bóòtù tó gba dẹ́ẹ̀kì kọjá ni kí ẹ lò, kì í ṣe súkúrù. Ẹ ka orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: A4 ni ẹ ń wá (àmì irú irin stainless kan ni), nítorí A2, irú stainless mìíràn, tètè máa ń dípẹtà nínú omi iyọ̀, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ẹ fi àwo fáíbà tó nípọn tó mílímítà 6 tẹ́ ẹ, kó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ irin lọ. Wáṣà kékeré lásán yóò wọnú fáíbà lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo. Álúmínọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n iyọ̀ jẹ ẹ́ yí bóòtù ká.

Ní ti sílíkóònù, òróró rẹ̀ kì í kúrò lára fáíbà, kò sì ní jẹ́ kí ohun mìíràn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lo polysulphide (ohun ìdíhò tó ń gbẹ bí rọ́bà) tàbí téèpù butyl (téèpù rírọ̀ tó ń lẹ̀) dípò rẹ̀. Bó bá jẹ́ polysulphide, ẹ rọra dè é títí yóò fi yọ jáde yí ká, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí ẹ tó wá dè é parí. Kí ẹnì kan fi sípánà mú orí bóòtù lókè, kí ẹnì kejì máa yí nọ́ọ̀tì nìkan nísàlẹ̀, torí pé bóòtù tó bá yí yóò ya ohun ìdíhò náà.

Irin ìsokùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí okùn kì í fún un nísinmi. Bí ẹ bá ti fi òòlù kan dẹ́ẹ̀kì náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ibi tó dún bù-bù ṣe fẹ̀ tó fún mi, kí n lè bá yín wò ó bóyá ẹ ó nílò oníṣẹ́ fáíbà.