"Igún ṣoore, ó pá lórí": ṣé èébú ni tàbí ìdúpẹ́?

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá kan tí ó jẹ́ télọ̀ kọ́ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀, ó sì ra máṣíìnì ìránṣọ fún un ní ọjọ́ tí ó gba òmìnira. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ náà gbé igbá fínfín kan wá fún un láti Ọ̀yọ́. Ìgò oyin kan àti iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fín sí ara igbá ni, "Igún ṣoore, ó pá lórí." Ìyá ọkọ rẹ̀ ní èébú ni, kí ó dá igbá náà padà. Ó wá ń béèrè ohun tí òwe náà túmọ̀ sí àti ohun tí ó yẹ kí òun ṣe.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa òwe náà tán, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó wà lára igbá yín. Bí àwọn àgbà ṣe ń pa á ni pé: "Igún ṣoore, igún pá lórí, àkàlà ṣoore, àkàlà yọ gẹ̀gẹ̀, nítorí ọjọ́ mìíràn, kí ẹni má ṣe oore bẹ́ẹ̀ mọ́." Ẹni tí ó bá ti rí igún rí mọ̀ pé orí rẹ̀ kò ní ìyẹ́, awọ lásán ni, nítorí inú òkú ẹran ni ó ń ki orí bọ̀ láti jẹun. Àkàlà ní tirẹ̀ ní àpò ara kan tí ó rọ̀ sí i lọ́rùn, tí ó sì wú bí ẹni pé gẹ̀gẹ̀ ni ó mú un. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí wo ara ẹyẹ méjèèjì, ó sì sọ pé oore ni ó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù nínú ọgbọ́n náà ni pé òwe kò sọ oore tí igún ṣe, kò sì dárúkọ ẹni tí ó ṣe é fún. Olóore wà níbẹ̀ tòun ti àpá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ oore ti bá tirẹ̀ lọ pátápátá. Bí ìwà ọmọ ènìyàn ti rí gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó di ìtumọ̀ òwe náà mú, òun ni "bẹ́ẹ̀". Bí ó bá jẹ́ pé "kí ẹni má ṣe oore mọ́" ni àwọn àgbà wí, ìyá ọkọ yín ìbá jàre, nítorí òwe yóò ti di ìkìlọ̀ pé kí olúkúlùkù ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ṣùgbọ́n "oore bẹ́ẹ̀" ni wọ́n wí, èyíinì ni oore tí ènìyàn ń ṣe láìyọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, tí kò fi ojú wo ẹni tí ó ń ṣe é fún, títí ìyẹ́ orí rẹ̀ fi tán. A tún gbọdọ̀ rántí irú ẹyẹ tí igún jẹ́. Òun ni ó ń gbá ìlú mọ́ nígbà tí òkú ẹran bá wà nílẹ̀, àwọn babaláwo sì ka bíbà tí ó bá bà lé ẹbọ sí àmì pé ẹbọ ti gbà. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń kọ́ òwe yìí lónìí kò fi ojú kan igún rí: láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ka igúnnugún mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun, májèlé àti pípa tí a ń pa á ṣe oògùn sì wà lára ohun tí ó fà á. Títí di òní ni oore igún fi ń pa igún lára.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yín: ta ni ó ń pa òwe yìí? Ẹnu olóore tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ tí ọ̀rẹ́ sì sá lọ. Ẹni tí a ṣe lóore kì í sábà pa á. Òwe ti ẹni tí a ṣe lóore ni, "Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà." Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé etí ìyá ọkọ yín kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni ọmọ náà fi sọ ọ́, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ìbá ti jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a fín sí ara igbá kò lè kúnlẹ̀. Mo ti jókòó ti afíngbá kan ní Ọ̀yọ́, nítòsí Akẹ̀sán, nígbà tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí igbá tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ fún ìyàwó. Ó ti kọ́kọ́ fín ọnà yí etí igbá ká lókè àti nísàlẹ̀, àyè tí ó kù láàrin kò ju ìka méjì lọ. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ka lẹ́tà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó mi orí, ó sì gé ìdí ọ̀rọ̀ náà kúrò. "Igbá ti tán," ni ó wí fún mi.

Ìdí mìíràn tí àwọn àgbà fi ń fura sí igbá wà nínú ìtàn Ọ̀yọ́. Ní apá ìparí ọ̀rúndún 18, àwọn ìjòyè tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Aláàfin Aólẹ̀ fi igbá òfìfo tí wọ́n dé ránṣẹ́ sí i. Ọba mọ̀ pé orí òun ni wọ́n ń béèrè, ó sì gbé májèlé mu. Àlùfáà Samuel Johnson tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni ó kọ èyí sílẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba láti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Nígbà tí Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún ìwé náà tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, òun náà sì kú ní ọdún 1920, ọdún kan kí ìwé tó jáde. Oore ńlá ni ó ṣe gbogbo wa, ojú rẹ̀ kò sì rí èso rẹ̀. Èmi kò gbà pé irú oore rẹ̀ ni òwe ní kí ẹni má ṣe mọ́, nítorí ó mọ ohun tí ó ń ṣe àti ẹni tí ó ń ṣe é fún.

Igbá tiyín kì í ṣe òfìfo. Nínú àrokò wa, adùn ni oyin àti iyọ̀ ń sọ, a kì í sì í di adùn sínú èébú. Ohun tí mo rí kà nínú ẹrù náà lápapọ̀ ni pé ọmọ yín mọ ohun tí ọdún mẹ́ta àti máṣíìnì náà gbà lọ́wọ́ yín, ó mọ̀ pé orí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pá nítorí òun. Ó yẹ kí ó bi àgbà léèrè kí ó tó yan òwe, ẹ sì lè fi pẹ̀lẹ́ sọ èyí fún un. Ẹ má ṣe dá igbá náà padà bí ìyá ọkọ yín ti wí, nítorí bí ẹ bá mú oyin àti iyọ̀ kúrò, igbá òfìfo ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá sì pọn dandan kí igbá náà padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ bu àádùn kún un, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín pa òwe náà tán létí rẹ̀.